Ẹ Béèrè, Kí Á Dáhùn: Ìtànṣán Gámà Tí Ó Ń Ti Inú Ìjì Àrá Jáde

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu bà á nínú abala yìí pé ìjì àrá máa ń tan ìtànṣán gámà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tí agbára rẹ̀ sì ju ti X-ray lọ, sí òkè ọ̀run, lẹ́tà tí ó wọlé lórí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ ju èyí tí àyè wa lè gbà. A yan mẹ́rin. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ béèrè gan-an ni àwọn onímọ̀ fúnra wọn fi ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ìdáhùn sí.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ìjì àrá ń tu ìtànṣán gámà jáde, sátẹ́láìtì sì ni ó rí i. Ohun tí kò yé mi ni pé ojoojúmọ́ ni ìtànṣán gámà ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni èyí ti wá, tí kì í ṣe òkè? Bí ó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀, ta ni ó so ó mọ́ àrá? — Olùkọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ tiyín náà. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1991, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Atlantis ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì kan tí wọ́n ń pè ní Compton lọ sí òkè. Ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 17, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an ni kí ó máa ṣọ́ ìtànṣán gámà tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn réré wá, níbi tí ìràwọ̀ ti ń bú gbàmù. Kò sí ẹni tí ó rán an sí ìjì àrá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó gbé dání, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BATSE, ní ojú mẹ́jọ, ẹyọ kan ní igun kọ̀ọ̀kan sátẹ́láìtì náà, tí olúkúlùkù sì kọjú sí ibi tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀ ni pé ìtànṣán gámà kò ṣeé fi dígí kó jọ bíi ti ìmọ́lẹ̀ tí à ń fi ojú rí. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni kí ènìyàn ka iye tí ó ba ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n wé ara wọn, kí ó sì wo èyí tí ó gbà jù nínú wọn, nítorí òun ni ó dojú kọ ibi tí ìtànṣán náà ti wá.

Nígbà tí Gerald Fishman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó NASA, àjọ tí ń rí sí ìwádìí òfurufú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó wà ní Huntsville, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ń yẹ àkọsílẹ̀ BATSE wò, wọ́n bá àwọn kan pàdé tí ìṣe wọn kò jọ ti ìràwọ̀. A ó máa pe ohun tí wọ́n rí yìí ní ìkọmànà gámà, nítorí pé bí mànàmáná ti ń kọ mànà ni òun náà ń kọ, àfi pé ojú ènìyàn kò lè rí i. Ohun mẹ́ta ni ó yà á sọ́tọ̀. Èkíní, àwọn ojú BATSE tí ó kọjú sí ilẹ̀ ayé ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù. Èkejì, ìbúgbàmù ìràwọ̀ a máa pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, nígbà mìíràn ó tó ìṣẹ́jú kan gbáko, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí ti dé, wọ́n ti lọ, láàárín ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí, ó ti tutù. Ẹ̀kẹta, agbára tí ó wà nínú ẹyọ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ga ju ti ìràwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wá mú àwòrán tí sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ yà ní àkókò kan náà, wọ́n sì rí i pé ìjì àrá ń jà ní àgbègbè tí sátẹ́láìtì náà ń kọjá lórí rẹ̀. Ní ọdún 1994 ni wọ́n kéde rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí bíi méjìlá péré lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ yóò ti rí ihò tí ó wà níbẹ̀. Pé òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ tí olè jà kò sọ òjò di olè. Àgbègbè tí sátẹ́láìtì ń rí láti òkè gbòòrò gan-an, kò sì sí wákàtí kan tí ìjì àrá kì í jà níbì kan nínú àgbègbè tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n fi mànàmáná kan pàtó hàn, kí wọ́n sì sọ pé òun ni. Rédíò ni ó bá wọn ṣe èyí. Ẹni tí ó bá ti tan rédíò nígbà òjò mọ̀ pé bí mànàmáná bá ti kọ, rédíò yóò dún kẹ̀rẹ̀, nítorí pé mànàmáná fúnra rẹ̀ ń tú ìgbì rédíò jáde. Ìgbì náà tí ó lọ sílẹ̀ jù a máa rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà láàárín ilẹ̀ àti òkè òfurufú láì rẹ̀. Ní ọdún 1996, Umran Inan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí èrìgbà rédíò kan gbọ́ ní ibùdó Palmer, ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica, wé àkọsílẹ̀ BATSE. Ìró mànàmáná náà ti ọ̀nà ibi tí sátẹ́láìtì wà wá, ní àkókò tí ó bá ti ìkọmànà gámà mu. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àfurasí. Lónìí, àwọn èrìgbà irú rẹ̀ ti wà káàkiri ayé, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti fi mọ ibi tí mànàmáná kọ̀ọ̀kan ti kọ.

Ibi gíga tí ó ti ń jáde ni ó wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé òkè fíofío lórí ìjì ni, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pupa kan ti máa ń tàn ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 90 sí ilẹ̀. Èrò náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé afẹ́fẹ́ dà bí asẹ́ fún ìtànṣán gámà: ibi tí ó bá ti ki, ìtànṣán kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n asẹ́ yìí kan náà ni ó tú àṣírí. Sátẹ́láìtì RHESSI, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2002 láti máa ṣọ́ oòrùn, ka agbára ìtànṣán kọ̀ọ̀kan dáadáa, títí dé nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìtànṣán), èyí tí ó fi bíi ìlọ́po 200 ju ti ẹ̀rọ X-ray ilé ìwòsàn lọ. Nígbà tí wọ́n wo bí afẹ́fẹ́ ti ṣe sẹ́ ìtànṣán náà, èyí tí ó dí lọ́wọ́ àti èyí tí ó jẹ́ kí ó kọjá, wọ́n rí i ní ọdún 2005 pé kò lè ti ibi tí ó ga ju nǹkan bíi kìlómítà 21 lọ wá. Inú ìkùukùu àrá fúnra rẹ̀ ni, ní apá òkè rẹ̀.

Mo kà á pé nínú ọdún mẹ́sàn-án tí sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ lò lókè, irú rẹ̀ tí ó rí kò pé 80, àmọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí ń rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́dún. Ṣé àrá ni ó ń pọ̀ sí i ni àbí kí ló ṣẹlẹ̀? — Òǹkàwé kan, Ìbàdàn

Àrá kò pọ̀ sí i débẹ̀. Ọwọ́ tí à ń fi mú un ni ó yí padà.

BATSE kì í kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sílẹ̀ ní kíkún, nítorí pé àyè ìpamọ́ kò tó, fífi ìsọfúnni ránṣẹ́ sílẹ̀ sì ń gba àkókò. Ó máa ń ka iye ìtànṣán tí ó wọlé, ní ìdìwọ̀n àkókò kọ̀ọ̀kan, ìdìwọ̀n tí ó sì kúrú jù fún un jẹ́ ìdá 64 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí iye náà bá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ gan-an ni yóò tó ké pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí kò pẹ́ ju ìdá kan lọ, tí wọ́n fi òṣùwọ̀n 64 wọ̀n: ẹ̀kún àgbọ̀n kan ni wọ́n ń dà sínú abà ńlá. Àfi èyí tí ó bá lágbára lọ́nà àrà ni yóò hàn. Àléébù kejì tún wà tí wọn kò tètè fura sí. Bí ìtànṣán kan bá ba ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ yóò fọ́jú fún ìwọ̀nba àkókò kékeré kan kí ó tó lè ka òmíràn, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹnu géètì tí ń kọ orúkọ ẹni kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹni márùn-ún ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ìkọmànà gámà ń yára débi pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti gba ẹ̀yìn akọ̀wé kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan tí BATSE rí fi dà bí ẹni pé wọ́n pẹ́ ju bí wọ́n ti pẹ́ lọ ní tòótọ́.

RHESSI kò ní ìṣòro ìdìwọ̀n yìí, nítorí pé gbogbo ìtànṣán tí ó bá wọlé ni ó ń kọ àkókò àti agbára rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tú u wò bó bá ṣe wù wọ́n. David Smith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí 10 sí 20 lóṣù nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìtànṣán tí ẹ̀rọ náà kà kò ju bíi 20 sí 30 lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu ju bó ti yẹ lọ. Ohun tí ó jáde nínú ìkùukùu náà pọ̀ ju iyanrìn òkun, ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà jìn, sátẹ́láìtì sì kéré.

Sátẹ́láìtì Fermi ni òǹkàwé wa ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2008, ó ń yí ayé po ní ibi gíga tí ó tó kìlómítà 565, ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń ka ìtànṣán gámà sì ní ojú 14. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ń fi òṣùwọ̀n tí ó ṣì gùn jù fún irú nǹkan báyìí ṣọ́ ọ̀run, tí ó jẹ́ ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ju díẹ̀ lọ lóṣù. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ó fi gbogbo ìtànṣán ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá ń kọjá lórí àgbègbè tí àrá pọ̀ sí, nígbà tí yóò sì fi di òpin ọdún 2012 wọ́n ti ń gbà á ní gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Iye tí wọ́n ń rí lọ́dún sún mọ́ 800. Láti ara èyí ni wọ́n ti ṣírò pé ìkọmànà gámà tó 1,100 ni ó ń ṣẹlẹ̀ lójúmọ́ kárí ayé.

Lérò tèmi, ìyẹn pàápàá kéré. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Bergen ní Norway pẹ̀lú NASA gbé ọkọ̀ òfurufú ER-2 lọ sí ibi gíga kìlómítà 20, wọ́n sì fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lórí ìjì àrá tí ó ń jà ní Gulf of Mexico, Caribbean àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Nítòsí bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé ìkùukùu ilẹ̀ olóoru lè máa ràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí bí ìkòkò tó ń hó lórí iná, tí ìtànṣán ń bẹ́ jáde nínú rẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣàìlágbára tó láti dé ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún mi pé sátẹ́láìtì kan wà lókè Íjíbítì tí àrá ilẹ̀ Zambia sọ nǹkan bà. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Yorùbá kan ní London

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni. Fermi wà lórí Íjíbítì, ìjì àrá sì ń jà ní Zambia, ní nǹkan bíi 4,500 kìlómítà sí i. Bí ilẹ̀ ayé ṣe rí róbótó, ìjì náà ti rì sẹ́yìn ojú òfurufú, Fermi kò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán gámà kì í yà ní kọ̀rọ̀. Kí ni ó wá bà á?

Kí á tó lè dáhùn, a ní láti wọ inú ìkùukùu lọ. Àwọn baba wa kò ṣèṣì nígbà tí wọ́n pe agbára tí ń tan gílóòbù ní iná mànàmáná, nítorí pé ohun kan náà ni. Nínú ìkùukùu àrá, yìnyín wẹ́wẹ́ àti yìnyín ńlá ń gbún ara wọn, iná sì ń pín sí méjì láàárín wọn: wẹ́wẹ́ gbé iná pọ́sítíìfù gòkè, ńlá dúró sí àárín pẹ̀lú iná nẹ́gẹ́tíìfù. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ipá iná ti ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹyọ tín-ín-tín tí ó ń gbé iná nẹ́gẹ́tíìfù, lọ sókè. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kì í lọ jìnnà, afẹ́fẹ́ yóò dá a dúró. Àmọ́ C. T. R. Wilson, ará Scotland, ti sọ láti ọdún 1925 pé èyí tí ó bá ti ń sáré tẹ́lẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé bí ó bá ṣe ń sáré tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ní agbára díẹ̀ lórí rẹ̀ tó, bí ipá iná bá sì ju ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, kò ní dúró mọ́. Ní ọdún 1992 ni Alexander Gurevich ti Rọ́ṣíà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tí ó kù kún un: ọ̀kan tí ó bá já bẹ́ẹ̀ yóò gbá òmíràn jáde lára afẹ́fẹ́, àwọn méjì yóò di mẹ́rin, mẹ́rin yóò di mẹ́jọ, títí tí wọn yóò fi di ọ̀wọ́ tí kò níye. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá nítòsí àárín átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́, tí ọ̀nà rẹ̀ sì wọ́, ohun tí ó pàdánù nínú eré rẹ̀ ni ó ń jáde bí ìtànṣán gámà.

Ìtànṣán gámà tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ tó lè yí padà di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti pósítírọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe òdì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: ìwọ̀n wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n iná wọn lòdì síra. Àwọn méjèèjì yìí ní iná lára, fún ìdí èyí òòfà ayé lè darí wọn. Wọ́n di okùn òòfà náà mú láti òkè Zambia, wọ́n tẹ̀ lé e bí ó ti tẹ̀, wọ́n sì kan Fermi lókè Íjíbítì. Pósítírọ́ọ̀nù tí ó bá pàdé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́, ìtànṣán gámà tí yóò jáde kò sì ní iye méjì: 511,000 ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì ni. Iye yìí gan-an ni Fermi kà, láti ara irin tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí kò kàn án kọjá lọ síwájú, òòfà ayé dá wọn padà, wọ́n sì tún kọjá lára rẹ̀ lẹ́yìn ìdá 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Michael Briggs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kéde rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn yìí ni ó dùn mọ́ wa jù.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni ìgbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: kí mànàmáná tó kọ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn sátẹ́láìtì tí a ti dárúkọ ń ṣọ́ oòrùn tàbí ìràwọ̀, ẹran sì ń ti ẹ̀yìn ọdẹ jáde. Ẹ̀rọ ASIM, tí ilẹ̀ Denmark ṣe aṣáájú rẹ̀, ni wọ́n dìídì ṣe láti kọjú sí ìsàlẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n so ó mọ́ ara ISS, ibùdó tí ń yí ayé po lókè òfurufú, ojú gámà àti kámẹ́rà sì jọ wà lára rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń wo aago kan náà. Ó fi hàn pé ìkọmànà gámà ń wáyé nígbà tí mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà láàárín ìpele iná méjèèjì, ní kété tí ìmọ́lẹ̀ ńlá rẹ̀ fẹ́ tàn.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìkùukùu tiwa náà ń ṣe é? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò kan rọ̀ ní ilé ìwé wa, àrá sán bí ẹni pé ilé fẹ́ wó. Ṣé ìtànṣán náà bà wá, ṣé sátẹ́láìtì sì rí i? Àǹtí mi tí ó máa ń wọ bàálù lọ sí Abuja tún ní kí n bá òun béèrè bóyá ó léwu. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Iléṣà

Ọmọ wa, ìtànṣán náà kò bà yín. Láti apá òkè ìkùukùu títí dé orí yín, afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ti ki jù fún un láti kọjá. Ibi tí ó ti ń dé ilẹ̀ ni ibi tí ìkùukùu àrá ti rẹlẹ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bí etíkun Japan nígbà òtútù, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀ ti kà á ní Kashiwazaki ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2017. Mànàmáná fúnra rẹ̀ ni kí ẹ sá fún.

Sọ fún àǹtí rẹ pé ìṣirò fi hàn pé ẹni tí bàálù rẹ̀ bá wà ní ojú ibi tí ìkọmànà gámà ti jáde gan-an lè gba ìtànṣán tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kéré, àkókò rẹ̀ kúrú, àwọn awakọ̀ bàálù sì ń yà fún ìkùukùu àrá nítorí ìdí mìíràn tí ó ju èyí lọ.

Ní ti pé bóyá ìkùukùu tiwa ń ṣe é, àgbègbè mẹ́ta ni ìkọmànà gámà pọ̀ sí jù láyé: Áfíríkà, àárín Amẹ́ríkà àti gúúsù rẹ̀, àti àwọn erékùṣù Indonesia pẹ̀lú àyíká wọn. Ní Áfíríkà, igbó Congo ni ó léwájú, ṣùgbọ́n ìjì òjò àkọ́rọ̀ àti ti àrọ̀kúrọ̀ ilẹ̀ wa wà nínú ìran kan náà, nítorí pé ní ilẹ̀ olóoru, orí ìkùukùu àrá lè ga tó kìlómítà 16, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ni ó sì kù lókè rẹ̀ láti dí ìtànṣán lọ́wọ́.

Ní ti bóyá sátẹ́láìtì rí ti Iléṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rọrùn láti sọ. Fermi ń sáré bíi kìlómítà 7.6 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Sakété dé Kàbà, kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ìkọmànà gámà tí ó bá sì jìnnà ju nǹkan bíi 800 kìlómítà lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó wà, kì í sábà rí i. Nítorí náà, bí ó bá tilẹ̀ gba orí yín kọjá gan-an, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ni ó ní láti fi wo ìjì yín, kí ó tó kọjá sí ìhà Cameroon, tí yóò sì gbà á ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ kí ó tó yí ayé po tán.